Ìbejì Inú Àwòrán: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò láti Èkó dé Ìlá Ọ̀ràngún

Ọjọ́ Ajé, Ẹ̀búté-Mẹ́ta

Nítorí àwòrán kan ni mo ṣe ń rin ìrìn-àjò yìí. Àwòrán dúdú-òun-funfun ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí rẹ̀ ti ká kò, òǹtẹ̀ ilé fọ́tò kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yíńkì rẹ̀ ti ṣá débi pé orúkọ ìlú nìkan ni ó ṣeé kà: Ìlá Ọ̀ràngún. Ọmọbìnrin kékeré méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga méjì, wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n fi ọwọ́ lé itan, wọ́n sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà láìrẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ni ìyá mi, Táyé. Èkejì ni Kẹ́hìndé, tí ó ti lọ tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ìyá mi máa ń sọ pé òun rántí ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà. Ó rántí aṣọ dúdú tí ayàwòrán fi bo orí, ó rántí pé àga náà ga tí ẹsẹ̀ òun kò fi kanlẹ̀, ó sì rántí pé Kẹ́hìndé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ṣùgbọ́n kò rántí ohun mìíràn kankan nípa Kẹ́hìndé. Kò rántí ohùn rẹ̀, kò rántí eré tí wọ́n jọ ṣe, kò sì rántí ìgbà tí wọn kò jọ sùn sórí ẹní kan mọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn: ṣé ọjọ́ náà ni ìyá mi ń rántí, àbí àwòrán náà ni ó ń rántí, tí ó ti wò ó títí tí ó fi di ọjọ́ náà lójú rẹ̀?

Kí n tó kúrò ní Èkó, mo yà sí Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè. Ní 1898 ni àwọn aláṣẹ ìgbà òyìnbó kọ́ ilé náà. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 ni ó tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tí àwòrán àtijọ́ wà lára ògiri rẹ̀. Mo dúró pẹ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, mo sì ń rò ó pé ọmọ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ṣì wà ní Èkó yìí, tí wọ́n ń gba iwájú ọgbà náà kọjá láràárọ̀ láìmọ̀ pé ojú bàbá wọn wà nínú ilé. Àwòrán lè wà ní pípé, kí ó má sí ẹni tí yóò dárúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò ti pẹ́ ní ìlú yìí. Ní 1896 ni ayàwòrán N. Walwin Holm kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ láti Accra, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, wá sí Èkó, ìyẹn ọdún méjì kí wọ́n tó kọ́ Jaekel House, ó sì ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó títí ó fi lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1910. Àwọn tí wọ́n ní owó ìgbà náà ni wọ́n ń lọ jókòó fún un. Ó pẹ́ kí àǹfààní náà tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti aláṣọ ní ìlú bí Ìlá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé, àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ṣe ohun tí kò sí lọ́kàn àwọn ará Èkó àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìbàdàn

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson dé Mọníyà. Ojú irin tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ti àtijọ́ ti dé Ìbàdàn láti 1901. Mo gbé álíbọ́ọ̀mù ìyá mi lé itan ní gbogbo ọ̀nà, mo ń to àwòrán inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú tí wọ́n ti yà wọ́n, nítorí pé bí ìyá mi ṣe lẹ̀ wọ́n kò tẹ̀lé ọdún tàbí ibì kan.

Kò kọ ọdún sẹ́yìn wọn. Irun ni mo fi ń mọ ọdún. Ìgbà tí ó ń di ṣùkú ṣáájú ìgbà tí ó ń fi òwú kó irun, ìgbà tí ó ń kó irun sì ṣáájú ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Èyí mú mi rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó jẹ́ pé ní Ìbàdàn yìí ni ó ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn, níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba láti 1954, kí ó tó lọ ya àwòrán fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Western Nigeria ní 1961. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn orí, tí ìpàkọ́ àti ojú ìpín irun fi hàn kedere. Nígbà tí ó fi kú ní 2014, àwòrán irun tí ó yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ó mọ̀ pé irun tí wọ́n di lónìí, wọn yóò tú u láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àti pé ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dì yóò kú pẹ̀lú. Mo kà á sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìrántí tí ó ga jù lọ tí ọmọ Nàìjíríà kan ṣe.

Ní ọ̀sán, mo lọ sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kan tí ìyá mi dúró níwájú Cocoa House, ilé àwòṣífìlà alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965, tí ó sì jóná ní 1985. Ilé náà ti jóná kí wọ́n tó ya tiwa. Bàbá mi, tí ó ti di olóògbé, ni ó yà á nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra. Mo fẹ́ dúró síbi tí ó dúró sí gan-an. Ọ̀nà tí a fi ń ṣe é rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ: a ó di àwòrán mú lọ́wọ́, a ó dijú kan, a ó wá ohun méjì nínú rẹ̀ tí ọ̀kan sún mọ́ni, tí èkejì jìnnà, tí wọ́n sì kan ara wọn nínú àwòrán, bí i igun ilé kan pẹ̀lú fèrèsé tí ó wà lókè lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá sún sí ọ̀tún, wọn yóò ya ara wọn. Bí a bá sún sí òsì, ọ̀kan yóò bo èkejì. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè kan ara wọn bí ti inú àwòrán, ojú náà sì ni kámẹ́rà wà.

Mo wá a títí oòrùn fi ń mú mi lórí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bọ́ sí ìlà, mo rí i pé títì ni mo wà, ọkọ̀ sì ń fọn fèrè lé mi lórí. Bàbá mi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í fi ara wewu, ti fà sẹ́yìn wọ àárín títì Dùgbẹ̀ kí ìyá mi àti ilé gíga náà lè jọ wọ inú àwòrán kan. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ó tó ogún ọdún tí òun kò ti ronú kan ọkọ̀ takisí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lọ́jọ́ náà, àti èpè tí awakọ̀ náà rọ̀jò lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò sọ fún mi rí: ọjọ́ yẹn ni òun gbà láti fẹ́ ẹ.

Ìyá mi ti ń wo àwòrán yẹn láti ọdún pípẹ́, kò sì rántí takisí. Ibi tí mo dúró sí ni ó rán an létí. Ẹni tí ó ya àwòrán kì í sí nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, lójú ọ̀nà

Ọkọ̀ Òṣogbo pẹ́ kí ó tó kún. Láti Òṣogbo, mo wọ òmíràn gba Ìkìrun lọ sí Ìlá, mo sì dé lálẹ́. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa ọ̀nà náà ju eruku ọyẹ́ lọ.

Nínú ọkọ̀, mo ń ronú nípa Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní 1902, tí ó tẹ̀dó sí Salvador ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní 1946, tí ó sì ń rìn láàárín ibẹ̀ àti ilẹ̀ Yorùbá òun Dàhòmì pẹ̀lú kámẹ́rà Rolleiflex rẹ̀, títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ nífá, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó fi àwòrán àwọn olórìṣà ẹ̀bá òkun ìhín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ti ìhà ọ̀hún, kí ẹni tí ó bá wò wọ́n lè rí i fúnra rẹ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Níńgátíìfù tí ó fi sílẹ̀ ní Salvador lé ní 60,000. Ìrántí gbogbo ènìyàn kan ni ó ń wá. Èmi ń wá ti ọmọbìnrin kan, mo sì rò pé iṣẹ́ kan náà ni.

Ọjọ́bọ̀, Ìlá Ọ̀ràngún

Àbúrò ìyá ìyá mi ni ó gbà mí lálejò. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa, oríkì ni ó sì fi ń pè mí, Àbẹ̀kẹ́, kò fi orúkọ pè mí rárá.

Àwòrán yí yàrá àlejò rẹ̀ po. Wọ́n gbé wọn kọ́ sókè, lẹ́bàá àjà, wọ́n sì jẹ́ kí orí wọn tẹ̀ síwájú, tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí ó wà nínú wọn ni wọ́n ń wo ẹni tí ó jókòó nísàlẹ̀. Ìjókòó kan náà ni gbogbo àgbà inú wọn jókòó: wọ́n kọjú sí kámẹ́rà gbọọrọ, wọ́n ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí aṣọ lè fẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lé orúnkún, a sì rí wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní 1975 ni ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá sí Ìlá yìí láti wo bí àwọn ayàwòrán Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ó ṣàkíyèsí ìjókòó yìí dáadáa, ó sì rí i pé ìwà àti ipò àgbà ni wọ́n ń fi hàn. Kì í ṣe pé kámẹ́rà bá wọn lójijì. Àwọn ni wọ́n gbé ara wọn kalẹ̀ fún un.

Mo gbé álíbọ́ọ̀mù náà síwájú Màmá. Inú rẹ̀ dùn, ó ń ṣí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ́ka. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá dárúkọ ẹnì kan, yóò kì í, yóò sọ ilé tí wọ́n ti bí i, ẹni tí ó fẹ́, gbèsè tí ó jẹ, àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo ń kọ, ọwọ́ mi kò sì lè bá ẹnu rẹ̀ mu. Ọkùnrin kan tí ìyá mi máa ń pè ní "aládùúgbò wa" jẹ́ ọmọ ìyá bàbá rẹ̀. Ìjà ilẹ̀ ni ó sọ ọ́ di aládùúgbò. Àwòrán náà kò mọ̀ nípa ilẹ̀. Ẹnu Màmá ni ó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a dé ibi àwòrán ìbejì, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì pa álíbọ́ọ̀mù náà dé.

"Ta ló rán ọ wá bèèrè eléyìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá. Èmi náà ni mo fẹ́ mọ̀."

"Lọ bi ọmọ iṣẹ́ fọtogíráfà. Ó ṣì wà lójú títì ibẹ̀ yẹn. Bó bá ti sọ tiẹ̀, kó o padà wá."

Ọjọ́ Ẹtì, ilé fọ́tò

Fọtogíráfà tí ó ya àwòrán náà ti kú. Bàbá tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì gba fíríìdọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ó ti ń ya fọ́tò pélébé fún ìwé ìdánimọ̀, tí ó sì ń fi ọ̀rá bo ìwé ẹ̀rí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ilé tí mo ti wá, mo sì nawọ́ àwòrán náà sí i.

Ó gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó rí òǹtẹ̀ náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iṣẹ́ Ọ̀gá mi ni. Iṣẹ́ yìí mọ́." Mo bi í bóyá ó rántí ọjọ́ tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wá.

"Ọmọ méjì wo? Wo àga tí wọ́n jókòó sí. Àga kan ṣoṣo ni Ọ̀gá mi ní."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka hàn mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọmọ ní a-bí-dí. Ìbọ̀sẹ̀ òsì ọmọ apá ọ̀tún ti já wálẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ òsì ọmọ apá òsì já wálẹ̀ síbì kan náà. Ìka àtàǹpàkò àwọn méjèèjì ká sábẹ́ aṣọ lọ́nà kan náà. Ìṣẹ́po aṣọ tí ó wà lẹ́yìn ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì. Òjìji tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn dọ́gba. Ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń wo àwòrán yìí, ohun tí mo sì máa ń sọ ni pé ìbejì tòótọ́ ni wọ́n, wọ́n jọra dé ìbọ̀sẹ̀.

Ọmọ kan ni wọ́n yà. Bàbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú yàrá òkùnkùn, Ọ̀gá rẹ̀ yóò fi ìwé dúdú bo ìdajì pépà fọ́tò, yóò tan iná gba inú níńgátíìfù sí ìdajì tí ó ṣí sílẹ̀; lẹ́yìn náà yóò bo ìdajì ti àkọ́kọ́, yóò sún níńgátíìfù náà sápá kejì, yóò sì tún tan iná sí i. Ìgbà tí pépà náà bá wọ inú omi òògùn ni ọmọ méjì yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó ṣòro jù ni ojú ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò fi ìlà funfun tàbí dúdú sílẹ̀ láàárín. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìlà náà bọ́ sínú ìṣẹ́po aṣọ tí ó ta sẹ́yìn, kí ojú má lè bá a. Ó fi èékánná hàn mí ibi tí ó wà nínú tiwa. Mo rí i nígbà tí ó fi hàn mí, n kò sì lè ṣàìrí i mọ́.

Bí ìbejì bá jẹ́ takọ-tabo, ó ní wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á wá bọ́ ọ, wọ́n á wọ tobìnrin fún un, wọ́n á sì tún yà á. Kò fi ohùn ìjìnlẹ̀ kankan sọ ọ́. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá ìbejì ń gbé wá ni, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa fún wọn. Sprague náà rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí nígbà tí ó wá.

Mo béèrè nípa níńgátíìfù. Bàbá gbé agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí ó ṣí i, òórùn kíkan bí ọtí tí ó ti bàjẹ́ ni ó kọ́kọ́ jáde. Fíìmù ìgbà náà kì í lè fara da ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èròjà tí wọ́n fi ṣe é máa ń fọ́, á máa tú omi kíkan jáde, fíìmù á ká, á sì lẹ̀ mọ́ra. Gbogbo èyí tí ó wà nínú agolo náà ti di òkìtì kan. Ojú àwọn ará Ìlá mélòó ni ó wà níbẹ̀? Mo bẹ Bàbá pé kí ó má dà á nù. Ó ní òun kò tí ì lè dà á nù láti ọjọ́ yìí wá.

Mo rìn padà sílé láìwọ ọ̀kadà. Ó wù mí kí n gbà pé wọ́n tan ìyá mi jẹ, ṣùgbọ́n n kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tàn ni bí ẹni tí ó ní kí wọ́n ṣe é bá fẹ́ kí a gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ gbọ́. Ìyá ìbejì tí ó mú ọmọ kan wá sí ilé fọ́tò mọ̀ pé ọmọ kan ni òun mú wá. Ibùjókòó ni ó ń wá fún èkejì. Láyé àtijọ́, agbẹ́gilére ni yóò gbẹ́ ibùjókòó náà, ère ìbejì kò sì ń jọ ọmọ tí ó lọ: ara àgbà ni wọ́n ń gbẹ́ fún un, pẹ̀lú ọmú tàbí irùngbọ̀n àti ilà ìdílé. Jíjọra kò jẹ wọ́n lógún níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí a bá fẹ́. Ẹ wo àkó tí wọ́n ń ṣe ní Ọ̀wọ̀, ère olóògbé tí wọ́n ń wọ aṣọ fún, tí ó gbọ́dọ̀ jọ ọ́ gan-an. Àwòrán ni ó kọ́kọ́ fún ìbejì tí ó lọ ní ojú tirẹ̀, nítorí pé ojú èkejì rẹ̀ ni ojú tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìlá Ọ̀ràngún

Màmá ti ń dúró dè mí láti òwúrọ̀. Ó ní òun ti mọ̀ pé n óò padà dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Kẹ́hìndé ti lọ kí wọ́n tó ya fọ́tò," ni mo wí.

"Ó ti lọ. Èéyi ni, lásìkò ọyẹ́ bí irú èyí. Nílé tiwa, a kì í sọ fún èyí tó kù pé èkejì kú. A ní ó lọ sí Èkó." Ó wò mí. "Ìyá rẹ sì bá a lọ sí Èkó, kò padà mọ́."

Ó wá sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Babaláwo ní kí wọ́n gbẹ́ ère. Bàbá ìyá mi, tí ó jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì gidi, ní ère kankan kò ní wọ ilé òun. Ìyá àgbà kò bá a jiyàn. Ó ní ó dáa, kí wọ́n ya fọ́tò nígbà náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ní ìlú ti ń fi fọ́tò dípò ère. Bàbá àgbà fún un lówó. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyá àgbà ti lọ bá agbẹ́gilére ní tirẹ̀. Ère náà ti wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀ láti oṣù méjì ṣáájú, ó ń fi osùn kùn ún lóru, ó ń fún un ní ẹ̀wà.

"Èmi ni mo bá wọn lọ sílé fọ́tò," ni Màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn wé ère yẹn, ó gbé e sí àyà. Nígbà tí wọ́n gbé Táyé lé àga, ó tú u, ó sì gbé e dúró sílẹ̀, kí ó fara ti ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ní, 'Kẹ́hìndé nìyí, má ta á nípàá o.' Fọtogíráfà rí i. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè díẹ̀."

Mo gbé àwòrán náà wò. A gé e ní abẹ́ bàtà àwọn ọmọ náà, kò sì sí ilẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Gbogbo àwòrán yòókù láti ilé fọ́tò yẹn, èyí tí ó wà lára ògiri Màmá, ni wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Èyí nìkan ni ó yàtọ̀. N kò bá má mọ̀ ọ́n láé bí mo bá jókòó sí Èkó.

Ìdáhùn sí ìbéèrè mi kò rí bí mo ṣe rò. Ìyá mi kò gba àwòrán ní ìrántí. Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún un, ó sì fara kàn án. Àwòrán fún un ní ojú Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n pé Kẹ́hìndé wà níbẹ̀, ti ìyá mi ni.

Mo béèrè ibi tí ère náà wà. Lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, ẹnì kan nínú ẹbí tà á fún àwọn tí ń rìn káàkiri ra ohun àtijọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí, ojú púpọ̀ nínú wọn ti dán nítorí wíwẹ̀ tí àwọn ìyá wẹ̀ wọ́n. Ó dùn mí gan-an. Màmá ní imú ti Kẹ́hìndé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ pátápátá kí wọ́n tó gbé e lọ.

Kí n tó palẹ̀ mọ́, mo ní kí ó jẹ́ kí n yà á. Ó ní kí n dúró. Ó wọlé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wé gèlè, ó ní kí n gbé àga bọ́ sí ìta níwájú ògiri. Ó jókòó gbọọrọ, ó fi ọwọ́ lé orúnkún, kò sì rẹ́rìn-ín. "Kí gbogbo ẹsẹ̀ mi wọlé o," ni ó wí. Mo fi ilẹ̀ sílẹ̀ dáadáa lábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, Èkó

Mo ti ń rò ó ní gbogbo ọ̀nà bóyá kí n sọ fún ìyá mi. Mo sọ ọ́, nítorí pé tirẹ̀ ni. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ hàn án, mo fi ìlà inú aṣọ ẹ̀yìn hàn án. Ó tẹjú mọ́ wọn, ó mi orí, kò sì yà á lẹ́nu tó bí mo ṣe rò. Àfìgbà tí mo dé orí ère ni ó gbé ọwọ́ lé ojúgun rẹ̀ ọ̀tún.

"Ó tutù," ni ó wí. "Ó le, ó sì tutù. Mo ti máa ń rò ó pé ẹsẹ̀ àga ni."

Ó ní kí n pe Màmá lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ tí ó ju wákàtí kan lọ, ìyá mi ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a jókòó ti álíbọ́ọ̀mù náà, mo ń kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsùlù rírọ̀, nítorí pé yíńkì máa ń jẹ pépà. Àwọn tí Màmá ti dárúkọ ni a kọ́kọ́ kọ; àwọn tí ó kù pọ̀, a ó sì máa pè é ní ọjọọjọ́ Àìkú. Nígbà tí a dé orí àwòrán ìbejì, ìyá mi ní kí n kọ orúkọ méjèèjì, Kẹ́hìndé ṣáájú, nítorí pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Mo tún fẹ́ kọ àwọ̀ aṣọ wọn sí i. Ìyá mi ní pupa ni. Màmá gbọ́ ọ láti inú fóònù, ó ní irọ́ ni, òun ni òun gbé e lọ fún aránṣọ, àwọ̀ ewé ni. Fíìmù dúdú-òun-funfun lè sọ pupa àti ewé di àwọ̀ eérú kan náà, nítorí náà àwòrán kò lè dá ẹjọ́ yẹn. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀, mo sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ èyí àti ẹni tí ó sọ tọ̀hún.